Nọ́ńbà Mẹ́fà Tó Gbà Mí Lọ́wọ́ Ara Mi

Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé yìn mí. Ìyìn yín ti di ẹ̀gún sí mi lọ́fun. Ẹ ní èmi atúnfóònùṣe ni mo ran ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́ tó fi ríṣẹ́ aránṣọ ní ìlú òkèèrè. Irọ́ ni. Díẹ̀ ló kù kí n ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti jẹ́wọ́ fún òun fúnra rẹ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ó ku ẹ̀yin.

Nígbà tó fẹ́ kọ̀wé béèrè iṣẹ́, èmi ni mo ṣí ímeèlì fún un, èmi náà ni mo yan páásíwọọ̀dù, nítorí òun àti fóònù, ológbò àti eku ni. Lọ́jọ́ kan mo yọjú wo inú rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì bá lẹ́tà pé kó máa bọ̀ wá ṣe ìdánwò. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, òun ló ń se oúnjẹ mi, òun ló ń jí mi lówùúrọ̀. Ta ni yóò kù fún mi? Mo pa lẹ́tà náà rẹ́. Èmi àgbàyà! Ọjọ́ ìdánwò kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. "Àbúrò, bóyá ọwọ́ mi ò dáa tó." Ẹnu tí mo fi ń tù ú nínú náà ni mo fi ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Kò sinmi, ó pe àwọn agbanisíṣẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti ránṣẹ́, àwọn yóò tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ. "Ẹnì kan ń wọ ímeèlì mi. Bá mi tì í." Ó jókòó tì mí, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, n kò rí ọgbọ́n dá. Mo lé gbogbo ẹ̀rọ mìíràn jáde, títí kan tèmi. Mo sì ṣe é kí nọ́ńbà mẹ́fà máa wá sórí fóònù rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá mọ páásíwọọ̀dù yín á máa lò ó títí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ó kú. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni o."

Lọ́sẹ̀ kejì, nílé, mo tún gbìyànjú láti wọlé kí n lè pa lẹ́tà tuntun rẹ́, ojú ò tì mí. Páásíwọọ̀dù gbà, wọ́n ní nọ́ńbà dà? Fóònù rẹ̀ dún ní yàrá kejì. Èyí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi: mo kígbe pé, "Ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún mi, mò ń bá yín tún nǹkan ṣe ni!"

"Méje, òdo, mẹ́rin..." Ó dá kíkà dúró. "O ní kí n má kà á fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé èmi náà ni ẹnikẹ́ni?"

"Ṣé ìwọ tó kọ́ mi lo tún fẹ́ bà á jẹ́? Wá wò ó níbí."

N kò lọ. Ibi tí mo jókòó sí ni nọ́ńbà náà kú sí, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ igbe ayọ̀ rẹ̀: ó ti ṣí lẹ́tà tuntun náà fúnra rẹ̀. Ó ṣe ìdánwò náà, ó yege, ó sì lọ sí òkèèrè.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo jẹ́wọ́ lórí fóònù, mo gbọ́ tó ń rán aṣọ lọ níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nítorí oúnjẹ, àbí? Ṣé o ti wá mọ̀ ọ́n sè?"

"Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ n kò ní ka nọ́ńbà fún ọ láéláé."

Ẹ̀yin ọmọdé ilé wa, ẹni yòówù tó bá ní kí ẹ ka tiyín, ìbáà jẹ́ èmi, ẹ panu mọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ tí mo sè lónìí, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.