Ojú Màmá Ọláyọdé Kọ́ Ló Bàjẹ́

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́. Alága, ẹ gbé àwọ́ọ̀dù yẹn padà sórí tábìlì. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi yẹ́ mi sí nítorí pé ó ti pé ọdún kan gbáko tí mo ti ń fa Màmá Ọláyọdé lọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́. Òótọ́ ni, mò ń fà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ ojú náà gan-an lẹ fẹ́ fún lẹ́bùn. Èmi Dìran, tí gbogbo France Road ń pè ní Likita Kọ̀ǹpútà, ìyẹn dókítà kọ̀ǹpútà, èmi ni. Ruth, ìyàwó mi, má fa ẹ̀wù mi, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ara mi ti kó mi nírìíra. Ọ̀rọ̀ yìí ti kún mi dé ọ̀fun, bí mi ò bá bì í jáde lónìí, á pa mí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò láàárín wa, Màmá náà ló jókòó síwájú yìí, tí wọ́n wé gèlè funfun. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá wọn wà lára àwọn tó bá iṣẹ́ rélùwéè wá sí Kánò. Ìwé orúkọ ni Màmá ń kọ: orúkọ gbogbo ìdílé tó bá rélùwéè wá sí Sábọ̀n Gàrí wa yìí, ìlú tí wọ́n ti wá, ojúlé tí wọ́n gbé, ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ta ló tún mọ̀ ọ́n nínú wa? Àwọn ọmọ wa tí à ń bá sọ Yorùbá tí wọ́n ń fi Hausa dá wa lóhùn, ṣé wọ́n mọ̀ bóyá Ọ̀fà ni bàbá bàbá wọn ti wá ni àbí Iléṣà? Orí Màmá nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ó ti mọ ọwọ́ mi."

Mobọ́lájí, ọmọ wọn tó wà ní Àbújá, ló wá fi mọ́nítọ̀ tuntun ránṣẹ́, èyí tó fẹ̀ tó fèrèsé, kí lẹ́tà lè máa hàn gàdàgbà, kí ìyá rẹ̀ yé ṣẹ́jú. Ojú wọn ò fọ́ nígbà yẹn o! Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àgbà ló kàn ń dé.

Wọ́n pè mí pé kí n wá bá wọn so ó pọ̀. Mo gbé báàgì mi dé, mo gbé ẹnu dé. Ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ tuntun náà kò ní ihò fún wáyà olórí búlúù tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń lò. Mo wá ádápítọ̀ kan, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń so orí wáyà àtijọ́ mọ́ ti tuntun, mo kì í bọ̀ ọ́. Ó tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jáde níbẹ̀ rí bàìbàì, bí ìwé tí omi dà sí. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún. Òógùn bò mí. Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Kí ló ṣòro nínú kí n sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè"? Abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bi? Florence tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀kánkán tèmi? Florence tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́? Láéláé! Likita kì í sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni àrùn tó ń ṣe mí.

Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n ní, "Likita, ọ̀rọ̀ yìí mà rí bàìbàì." Ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo fi dá wọn lóhùn pé, "Màmá, mọ́nítọ̀ yìí ò ní àbùkù kankan. Ojú yín ni. Irú mọ́nítọ̀ báyìí máa ń tú àṣírí ojú tó ti ń lọ." Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n mo ka Bíbélì mi láàárọ̀ yìí." Mo ní, "Èyí tí ẹ ti mọ̀ sórí ńkọ́? Ẹ kàn rò pé ẹ̀ ń kà á ni." Ìtùnú, ọmọ ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Yankaba, wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó ní bàìbàì lòun náà rí i. Mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo ní, "Ìwọ náà lọ yẹ ojú ẹ wò, fóònù ti bà á jẹ́." Àbí ẹ rí èèyànkéèyàn! Mo sọ ọmọ tó ń ríran di afọ́jú, kí n má bàa jẹ́ òpè.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Likita, ọgọ́rin orúkọ ló ṣẹ́kù lórí mi o. Ìwọ bá mi wá nǹkan ṣe sí ojú yìí kó tó lọ tán." Ìtùnú ti ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Dókítà á yẹ ojú wò, á ní kò sí nǹkan tó ṣe é, irọ́ mi á tú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn. Mo gba àdúgbò Fagge lọ, mo ra oògùn ojú nínú ìgò kékeré tí kò ní orúkọ lára. Ẹni tó tà á ní ó ń fọ ojú mọ́. Mi ò bi í ní nǹkan tí wọ́n pò mọ́ ọn. Màmá kán an sójú, wọ́n kígbe, "Ó ń ta mí bí ata!" Mo ní oògùn tó bá ń ta ló ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó burú jù ló kù yìí. Ẹni tí inú rẹ̀ ò bá gbà á, kó bọ́ síta. Lọ́jọ́ kejì oògùn yẹn, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Florence kọjá, mo rí kọ̀ǹpútà lọ́yà kan lórí tábìlì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ bíi ti Màmá gẹ́lẹ́ ni, irú mọ́nítọ̀ ńlá yẹn náà ló sì so mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ń dán níbẹ̀ kedere. Florence kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Mo ṣe bí ẹni ń dán an wò, mo ní, "Báwo lo ṣe ṣe é?" Ó yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ olórí búlúù yìí ni. Rọ́bà ni wọ́n fi ń dí i, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wáyà tirẹ̀ ni mo fi sí i, mo wá lọ sí sẹ́tíńgì, mo mú ìwọ̀n tó bá mọ́nítọ̀ mu. Kò lè gbé gbogbo agbára mọ́nítọ̀ yọ, torí kọ̀ǹpútà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á mọ́." Ó parí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo ra wáyà náà. Mo kì í sápò, mo kọrí sí ilé Màmá. Mo fẹ́ tún un ṣe, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo bá Màmá nínú pálọ̀, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga, ìgò oògùn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Likita, o káre tí o wá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, bá mi kán an sí i." Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ojú yín ò ṣe nǹkan kan látọjọ́ yìí? Pé èmi ni òpè? Ẹ̀yin èèyàn mi, wáyà wà lápò mi! Mo fi ìka méjì la ojú ìyá àgbà, mo kán oògùn yẹn sí tọ̀tún, mo kán an sí tòsì. Mo mọ̀ pé ojú tó dá ṣáṣá ni. Omi ń dà lójú wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ, ọmọ mi." Mo ní àmín.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú méjèèjì fi funfun. Nígbà tí Ìtùnú fi máa gbé wọn dé ọsibítù, dókítà ní oògùn ti jó o, ó ti pẹ́ jù. Màmá ò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ló bá àwọn wá a, òun náà ò mọ̀. Èmi wá di afọ́jú-wá-ká-lọ, ẹni tó ń fà wọ́n lọ́wọ́ kiri. Ẹ̀ ń rí mi lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀ ń pè mí ní ọmọlúàbí, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ptùú! Tí mo bá dé ilé, ọwọ́ tí mo fi la ojú yẹn, mi ò lè fi jẹun. Ìyàwó mi rò pé inú ló ń run mí.

Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, mo lọ so wáyà náà. Ọdún kan ló ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ yọ lójú mọ́nítọ̀, ó mọ́ rekete. Ìtùnú pariwo, "Kaka, ya fito raɗau! Màmá àgbà, ẹ wá wò ó, ó ti mọ́ kedere!" Ó wá rántí ẹni tó ń pè pé kó wá wò ó, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó ka ojú ìwé kìn-ín-ní fún àwọn. Ó kà á. Màmá ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí mọ́nítọ̀ yẹn tó dé rárá: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dìran, ọmọ mi, tó ń fi òótọ́ inú tọ́jú kọ̀ǹpútà mi." Mo sáré jáde, mo lọ bì lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mi ò mọ̀ ọ́n" kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú kọ̀ǹpútà. Ìtìjú rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tèmi rèé, ojú méjì ló gbé lọ.

Màmá, mi ò lẹ́nu tí mo fẹ́ fi bẹ̀ yín, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀ yìí, ẹ ṣàánú mi. Ibi tí ọlọ́pàá bá ní kí n wá, mà á lọ. Ṣùgbọ́n ọgọ́rin orúkọ ṣì wà lórí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tèmi gbé wọn wọlẹ̀. Ẹ máa pè é, kí Ìtùnú máa tẹ̀ ẹ́, Florence á máa bójú tó kọ̀ǹpútà. Orúkọ tèmi tó wà lójú ìwé kìn-ín-ní ńkọ́? Mo fẹ́ pa á rẹ́ lọ́jọ́ Tuesday yẹn, ọwọ́ mi kọ̀, torí ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ ṣì ń ríran. Bí ẹ bá ní kí Ìtùnú pa á rẹ́, kó pa á rẹ́. Bí ẹ bá ní kó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ ohun tí mo ṣe sí abẹ́ rẹ̀. Màmá, ẹ wí nǹkan kan.