Ọkọ̀ Ojú Omi Bàbá Wa Tí Mo Fi Dáná

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ gbọ́ mi tán ná. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ ọ rí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ kí n ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀ ló jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá wa ní ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fi igi gbẹ́, òun ni wọ́n fi ń sọdá odò lọ sóko. Nígbà tí bọ̀dá mi ń lọ sókè òkun, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Mo ní kò burú. Ẹ̀gẹ́ ni mo ń rẹ sínú rẹ̀ lẹ́yìn ilé, títí ìdí rẹ̀ fi jẹrà.

Nígbà tí Bàbá kú, ìwé ìgbélùú bọ̀dá mi kò tíì jáde, kò lè wálé. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìsìnkú. Gbogbo igi ìdáná wa ló tutù, iṣu sì wà lórí iná tí kò jó. Abẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ilé ni ọkọ̀ náà wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Mo mú àáké, mo là á. Àwọn àlejò jẹ iyán, wọ́n yìn mí.

Lọ́dún tó kọjá, bọ̀dá mi ní òun ń bọ̀ wá tún ọkọ̀ Bàbá ṣe. Mo sáré lọ bá apẹja kan nísàlẹ̀ odò, ó fún mi ní ògbólógbòó ọkọ̀ kan tó ti pa tì sínú koríko. Mo ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé. Mi ò purọ́, mo kàn dákẹ́ ni.

Nígbà tí bọ̀dá mi dé, ó ha ìdọ̀tí ara ọkọ̀ náà, ó fi òwú àti ọ̀dà dúdú dí gbogbo ibi tó sán. Lọ́jọ́ kan ó fọwọ́ kan àpá kan létí ọkọ̀ náà.

"Fúnmi, ibi tí àdá Bàbá ṣá nìyí. Ṣé o rántí?"

Mo ní mo rántí. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ tí mo fẹnu ara mi pa nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, a máa ń wà á jáde. Kùrukùru á bo odò, a ò ní rí òdìkejì, omi á kàn máa gbé wa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bọ̀dá mi á gbé àjẹ̀ lé ẹsẹ̀, á dijú, á ní, "Bàbá, mo ti dé ulé o." Èmi náà máa ń gbàgbé. Á máa ṣe mí bí ẹni pé Bàbá jókòó sáàárín wa, tí wọ́n ń wo omi. Inú mi á dùn, ẹ̀rù á tún bà mí.

Ó sọ fún mi pé òun ò da erùpẹ̀ sí sàréè Bàbá, pé inú ọkọ̀ yìí lòun ti ń sin wọ́n.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ó fẹ́ kí n kọ orúkọ Bàbá sára ọkọ̀ náà, torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ó ti ra ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́, Bàbá yóò tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, ọwọ́ tó la ọkọ̀ Bàbá náà ni yóò kọ orúkọ wọn sára ọkọ̀ ẹlòmíràn.