Pẹ̀rẹ́gún Tí Mo Hú Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gégùn-ún fún mi. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo wà ní kánsẹ́lọ̀, títí mo fi di ọnọ́rébù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. N kò lè gbé e mọ́, torí pé ní Tọ́sìdeè tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí.

Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá mi, ọmọ Ìlobù ni ìyá mi. Oko ìdílé méjèèjì pààlà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, àwọn àgbà gbin pẹ̀rẹ́gún sí ààlà náà. Wọ́n máa ń mú ọmọdé dání síbi irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ẹlẹ́rìí lè ṣẹ́kù nígbà tí àwọn bá kú tán. Èmi ni wọ́n mú, torí pé mo jẹ́ ọmọ ìhà méjèèjì. Bàbá Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló gbẹ́ ihò. Èmi ni mo di igi náà mú tó fi kó erùpẹ̀ bò ó.

Nígbà tí mo fẹ́ du ipò aṣòfin, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti gbóná láàárín ìlú méjèèjì. Mo fẹ́ kí àwọn ará Ìfọ́n rí mi bí akọni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, mo hú pẹ̀rẹ́gún náà, mo lọ gbìn ín sínú oko Bàbá Ràfíátù lọ́hùn-ún. Òjò rọ̀, ó ta gbòǹgbò. Mo wá kó àwọn géńdé wa lọ síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ wa dé! Wọ́n ń dáko lórí ẹ̀ látọjọ́ yìí!"

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rò pé ó máa di ọ̀rọ̀ àdá. Irọ́ ni. Mo rò ó.

Bàbá Ràfíátù ń wa ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ṣíwájú ṣá a léjìká. Ó ṣubú lu ebè. Kò bẹ̀ wọ́n, èmi ló ń wò.

"Múkáílà, ìwọ lo di igi mú! Sọ fún wọn!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹnu mi tí kì í sinmi nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́. Wọ́n ṣá a lórí. Wọ́n ṣá a lọ́rùn. Ó ń japoró láàárín ewé ẹ̀gẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúró.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilé ń jó ní Ìlobù, ilé ń jó ní Ìfọ́n. Àwọn ará Ìlobù sun àbúrò bàbá mi mọ́nú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo fi òkú rẹ̀ polongo ìbò, mo sì wọlé.

Ní báyìí, ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà ní èmi ni kí n wá fojú ààlà hàn. Ìyàwó Bàbá Ràfíátù gbọ́, ó wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

"Ọnọ́rébù, ẹ ṣàánú mi. Olè ilẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pe Bàbá Ràfíátù nínú sàréè. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù tẹ́ ẹ mọbi tí wọ́n gbin pẹ̀rẹ́gún sí."

Mo ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n àwọn géńdé ọjọ́ yẹn ṣì wà. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi pé bí mo bá lanu, àwọn á sun mí mọ́lé. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí.

Ìyá náà ní òun á mú ọmọ Ràfíátù, ọmọ-ọmọ òun, wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè náà, kó wá di pẹ̀rẹ́gún tuntun mú, kí ẹlẹ́rìí lè wà lẹ́yìn mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i: ibo ni kí n ní kí ọmọ náà dúró sí?