Òdo Tí Mo Fi Lé Ẹ̀gbọ́n Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi ní gbọ̀ngán lánàá, ẹ gba àtẹ́wọ́ yín padà. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, bí n kò bá pọ̀ ọ́ lónìí, òun ni yóò gbé mi mì. Ẹ ń yìn mí pé mo mú kí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wa yára. Olè ni mo jà, ẹ sì bá mi jẹ ńbẹ̀.

Kánẹ́ẹ̀lì ni olórí tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Kí a lè mọ ohun tó fa ìjàǹbá, a máa ń ní kó fi ìpa ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀: ta ló pe dísìkì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, ta ló ń dúró de ta. Ṣùgbọ́n ìtọpasẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ ń dá ẹ̀rọ dúró, bí ẹni tó ń sáré tó sì ń bẹ̀rẹ̀ ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá ní ẹni tó bá dín ìnira náà kù jù lọ ni yóò di olórí ẹ̀ka wa. Àwa méjì la jáde: èmi àti obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo ti yunifásítì dé pẹ̀lú ìgbéraga.

Ẹ̀gbọ́n fún ọpọlọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ní àpò ìpa ẹsẹ̀ tirẹ̀, kí wọ́n má baà máa du ẹyọ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìnira dín kù gan-an. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ náà, mo sì fi kún un pé bí àpò bá ti kún, kí ẹ̀rọ da èyí tó bá tún dé nù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí èèyàn bá ti ń ka ohun tó dà nù. Ṣùgbọ́n kíkà náà ń jẹ agbára díẹ̀, díẹ̀ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n sì fi ń ṣáájú mi. Èmi tí mo fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ ju oúnjẹ lọ, n kò lè gbà kí ẹlòmíràn já a. Mo yọ kíkà kúrò. Ojú ibi tí iye rẹ̀ ti ń hàn, mo fi í sílẹ̀ kó máa fi òdo han aráyé, bí ẹni pé ohunkóhun kò sọ nù.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, tí à ń pè ní Agbọ́n nítorí ẹnu rẹ̀, rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ burúkú yìí! Òkú tẹ́nì kan ò kà, ṣé kò kú ni?"

"Dákẹ́ jàre. Ta ló fẹ́ bi wá?"

Ó fọwọ́ sí i. Mo di olórí.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà wa tó ń pín ìpè fún àwọn ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dákú lọ́sàn-án gangan. Baba kan kú níbi tó ti ń retí ọkọ̀. Olúkúlùkù wa ló ní apá tó kọ nínú kánẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ náà. A tú ìtọpasẹ̀ tí mo ṣe wò: ìpa ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti apá tí Ẹ̀gbọ́n kọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kú sí.

"Àbúrò, apá tèmi ti parí iṣẹ́ rẹ̀," ó wí níwájú gbogbo ìpàdé. "Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kò sí èyí tó sọ nù?"

Mo mọ̀. Ọlọ́run gbọ́ pé mo mọ̀. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fojú ara yín wò ó. Òdo."

"Ẹ̀rọ kì í ṣègbè, màdáámú," Ọ̀gá wí, ó ti ń ṣa ìwé rẹ̀ jọ. Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ò mọ́. Ẹ ò bèèrè nítorí òdo náà tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ wo iye yẹn kí n tó gba ìtọpasẹ̀ kankan gbọ́. Nítorí náà, ó gbà á gbọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó wí. Ó tọrọ àforíjì lórí òkú tí kì í ṣe tirẹ̀! Wọ́n lé e.

Lánàá, lẹ́yìn àtẹ́wọ́ yín, mo bá a pàdé ní ibùdókọ̀. Mo fẹ́ sá. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Àbúrò mi, o ti sanra o! Mo ṣì ń wá àṣìṣe yẹn nílé. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka iṣẹ́ mi. N kò tíì rí i."

Láàárọ̀ yìí, mo dá kíkà padà, mo gbé iṣẹ́ ọjọ́ tí baba náà kú lé ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Iye tó jáde kò jọ òdo rárá. Mo wá fẹ àpò títí tí ohunkóhun kò fi sọ nù mọ́. Apá dísìkì ló ti ẹ̀rọ pa, tí kò ṣí i mọ́. Èmi ni mo kọ apá dísìkì. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, àti sí àwọn ọmọ baba yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ dà bí mi, ẹ pẹ̀yìn dà. Bí ẹ bá máa da nǹkan nù, ẹ kà á.

Ẹ̀gbọ́n, n kò lójú láti ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣáà pa iṣẹ́ yẹn dé, kí ẹ sinmi. Àṣìṣe tí ẹ ń wá, ọ̀dọ̀ mi ló wà.