Aago Wúrà Mátírọ̀nì

Ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Ìwọ tí ò ń tún dírìpù ṣe, fi í sílẹ̀, ó ń kán dáadáa. Àìsàn yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Ìyá Dídán ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn, èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Òun ló ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù yìí nígbà tí mo jẹ́ mátírọ̀nì. Wọ́n lé e lọ pé ìdọ̀tí rẹ̀ ló pa èèyàn. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ náà ò ní yé yín. Kò sí nọ́ọ̀sì bíi tèmi. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìmí, tí mo sì ń mọ aláìsàn tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há sí lọ́fun. Nígbà tí wọ́n fún mi ní aago wúrà níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, pé ìmọ́tótó mi ta yọ, orí mi wú. Mi ò fẹ́ bọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ń kọ́ yín pé kí ẹ bọ́ òrùka, kí ẹ bọ́ aago, kí ẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ kí ẹ tó kan aláìsàn. Èmi olùkọ́ a wá rọra fọ ìka, kí omi má baà kan wúrà mi. Ta ni yóò bi mí? Àgbàyà ni mí.

Télọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọkọ̀ ló gbá a. A ti yọ rọ́bà ìmí lọ́fun rẹ̀, ó ti ń bá mi ṣàwàdà: “Mátírọ̀nì, aṣọ yín yìí fún yín lábíyá. Ẹ jẹ́ n délé ná, màá tú u.” Èmi ni mo pààrọ̀ báńdéèjì ojú rọ́bà dírìpù tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ mi ò bo aago. Ibà dé, kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ ṣeun, Màmá. Ọwọ́ tó mọ́ lẹ fi tọ́jú ọkọ mi.” Mo ní kò tọ́pẹ́.

Nígbà tí kòkòrò náà tún mú aláìsàn kejì, ọ̀gá dókítà ní kí wọ́n yẹ ọwọ́ gbogbo wa wò. Mo bọ́ aago sápò, mo fọ ọwọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò, wọn ò sì rí nǹkan kan. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì Ìyá Dídán ni wọ́n ti rí kòkòrò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀ wo ni kì í ní? Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fi òwú nu abẹ́ aago, mo gbé e fún ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò, mo purọ́ pé ara ẹ̀rọ ni mo ti nù ún. Ó ní, “Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni, Mátírọ̀nì! Èyí tó pa télọ̀ nìyí, ti bọ́kẹ́ẹ̀tì ò jọ ọ́ rárá.” Mo ní kó fi sílẹ̀, èmi yóò sọ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́. Wọ́n pe Ìyá Dídán síwájú àwọn ọ̀gá, èmi ló kọjú sí: “Mátírọ̀nì, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ mi.” Mo mọ̀ ọ́n. Mo wo aago mi bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ, mo sì jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọ ibí, ìwọ tó kéré jù yìí, o bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ, o fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, o ní, “Màmá, ẹ má bínú, ẹ máa bọ́ aago yìí kí n tó fọwọ́ kàn yín.” Mo jágbe mọ́ ọ: “Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?” O ní, “Mo mọ̀ yín, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.” Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Ẹ ò rí i pé mo kọ́ yín dáadáa? Ẹ sàn jù mí lọ, mo sì ń fi yín yangàn. Ẹni tó bá gbà pé òun ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó lọ fọ ọwọ́, ẹ lé e kúrò nídìí aláìsàn, ìbáà ṣe èmi.

Ọ̀gá dókítà, mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹ sì wá ìyàwó télọ̀ kàn, kí ẹ sọ fún òun náà pé ọwọ́ mi ni, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyá Dídán, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ti bọ́ aago. Mo ti fọ ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú.