Ìka Mẹ́fà Lójú Fèrèsé

Ẹ má kí mi! Ẹ má kí mi mọ́, Afínjú, ẹ jókòó. Ẹ ní kí n má bínú? Ta ló ń bínú? Ẹkún ni mo ń sun, àbí ẹ ò mọ ẹkún mọ́ ni? Àbúrò ọkọ mi lẹ jẹ́, àtọjọ́ tí mo ti wọlé yìí mi ò forúkọ pè yín rí. Ṣòkòtò péńpé lẹ ṣì ń wọ̀ nígbà náà, èmi ni mo máa ń pọ̀n yín kọjá àgbàrá lọ sílé ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi lónìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ìka mẹ́fà! Ìka mẹ́fà lẹ nà síta lójú fèrèsé bàálù lọ́jọ́ náà, àbí mo purọ́? Bẹ́ẹ̀ lẹ sì ti máa ń ṣe látìgbà tí ẹ ti ń wa bàálù tí ẹ̀gbọ́n yín ń rọ epo sí i, torí ariwo ibẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ti ẹnìkejì. Ẹ ó na ìka, ẹ̀gbọ́n yín á na tiwọn padà, ẹ ó rẹ́rìn-ín síra yín, ó parí. Ìka kan, ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ̀rún kan kí ni? Pọ́n-ùn ìwọ̀n ni, ta ló ń bèèrè? Pọ́n-ùn ni gbogbo bàálù yín fi ń ka epo, pọ́n-ùn náà ni ọkọ̀ epo ẹ̀gbọ́n yín ń kà.

Àfi ìgbà tí ilé iṣẹ́ yín ra bàálù tuntun dé! Tuntun tó jẹ́ pé kílò ló fi ń ka epo tiẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé kílò kan ju pọ́n-ùn méjì lọ. Ta ló kọ́ ẹni tó ń rọ epo? Kò sí! Ká ní ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí àga yẹn, kí ẹ wá sọ ọ́ sí wọn létí pé, "Bọ̀dá mi, kílò lèyí o," ṣé ẹsẹ̀ á máa dùn yín ni? Ẹ na ìka mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n yín rọ pọ́n-ùn ẹgbẹ̀rún mẹ́fà sí i, kò tó ìdajì ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ gbéra. Aago epo tó wà níwájú yín ò sì ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ẹ mọ̀, ẹ ní kò séwu.

Mo dúpẹ́ o, mo dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè. Epo tán lókè, ẹ́ńjìnnì kú, ẹ rọra gbé e balẹ̀ sínú oko àgbàdo, ẹnìkan ò fara pa. Nígbà tí ìròyìn yẹn dé, ẹ̀gbọ́n yín kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ yìí, orúkọ yín ni wọ́n ń pè, wọ́n ń sunkún. Kò tilẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni máa bi àwọn ní ìbéèrè.

Àwọn èèyàn ní akọni ni yín, wọ́n ya yín ní fọ́tò, èmi náà gbé e kọ́ sára ògiri. Òun ló wà lẹ́yìn yín yẹn, ẹ wò ó! Ìyẹn ò dùn mí. Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí bí epo ṣe tán jókòó ló dùn mí. Ìgbìmọ̀ bi yín bóyá ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kílò ni, ẹ̀yin, ọmọ ìyá wọn, ẹ ní ẹ sọ ọ́! Ẹnu wo lẹ fi sọ ọ́? Mo jókòó lẹ́yìn níbẹ̀, mo rí i tí ẹ̀gbọ́n yín gbójú sókè wò yín, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n sì wolẹ̀. Wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ pé ó sọ ọ́. Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa mọ́." Etí wo ni ò dáa? Etí tó ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mi kí n tó yọ ọ́ nínú báàgì? Áà, mo gbé!

Ilé iṣẹ́ bá lé ẹ̀gbọ́n yín. Ẹnu iṣẹ́ tí wọ́n ti hu irùngbọ̀n, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Kílò ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi báyìí. Lánàá, níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì, ẹnìkan bi mí pé ṣé èmi ni ìyàwó Kílò, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Tí mo bá ní kí ẹ̀gbọ́n yín sọ òótọ́, wọ́n á ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ọmọ yẹn ò ní wa bàálù mọ́ láyé." Ọmọ yẹn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń hu ewú! Rárá, ẹ gbé ọsàn tẹ́ ẹ mú wá yẹn kúrò lórí tábìlì, kí ni n ó fi ọsàn ṣe?

Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ gbọ́ ìró yẹn ní yàrá? Ẹ̀gbọ́n yín ti gbọ́ ohùn yín látìgbà tí ẹ ti ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ṣí, aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n rò pé ẹ ti lọ sọ òótọ́ fún ìgbìmọ̀, pé ẹ wá mú àwọn padà sẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹ wá ń wolẹ̀. Ẹ ò lọ, àbí? Mo mọ̀. Ó dáa, ẹ dìde, ọkọ mi. Èmi ò lè ṣe èyí bá yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wọlé lọ bá wọn, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ náà.