Ìlù Tí Hakeem Kò Lù

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ orin wa láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tí mi ò lè gbé mì mọ́. Ìlù tí ẹ ń yìn nínú àwo wa àkọ́kọ́, tí ẹlòmíràn tilẹ̀ kọ̀wé sí wa láti òkè òkun nítorí rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn kọ́ ló lù ú. Èmi Dúrósinmí, tí wọ́n ń pè ní Dúró, tí mò ń ta gìtá, ni mo fi kọ̀ǹpútà ṣe é, tí mo sì jẹ́ kí Hakeem, onílù wa, gbà pé òun ni. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mọ ni, ǹ bá máa fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, torí bí mo bá ti orí bẹ̀rẹ̀, màá wá ọ̀nà yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo mọ ara mi.

Mẹ́rin ni wá. Adérónkẹ́, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ló ń tẹ dùùrù tó sì ń kọrin. Awóníyì ló ń ta béèsì. Hakeem ló ń lu ìlù òyìnbó. Èmi ni mo kó wọn jọ, ìyẹn ni mo ṣe ń pe ara mi ní olórí. Inú gáréèjì bàbá Adérónkẹ́ la ti bẹ̀rẹ̀. Orin rọ́ọ̀kì là ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orin wa kan lè gba ìṣẹ́jú méjìdínlógún, kó yí padà lẹ́ẹ̀mẹrin, kó dé ibi tí ẹni tó ń jó kò ní mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ wa títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, orin yín kì í débì kan, ọ̀nà jíjìn ni ṣá." A fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ara wa lórúkọ: Ọ̀nà Jíjìn. Lọ́sẹ̀ kejì ó lé wa jáde. Mo kó wọn wá sí Ìlàrè, àdúgbò wa, sí yàrá tí bàbá bàbá mi ń kó kòkó sí nígbà ayé rẹ̀. A fi páálí ẹyin bo ara ògiri, a sì ń ṣe orin wa nínú òórùn kòkó àtijọ́.

Ìlù ẹlẹ́ẹ̀meje ló mú orin wa yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ orin ń rìn ní mẹ́rin-mẹ́rin, tiwa ń rìn ní méje-méje. Èmi àti Awóníyì á máa kà á lórí ìka bí ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò. Hakeem kì í kà á. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe láàárọ̀, ó sì sọ fún wa pé bí òun bá ti da yẹ̀pẹ̀ sínú irin búlọ́ọ̀kù, ìgbà méje lòun ń fi ṣọ́bìrì gbá a kóun tó yí i dà. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ohun tí àwa ń wá nínú ìwé ti wà lápá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bínú sí i. Ó ní kó sáà máa kírun rẹ̀ lásìkò, kó máa lu ohun tó bá wù ú.

Nígbà tó tó àkókò láti ṣe àwo, kò sí ilé-iṣẹ́ orin kankan lẹ́yìn wa. A yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ lu orin náà pọ̀ nínú yàrá kòkó, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn ó ku èmi àti láàpútóòpù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo fi gìtá mi ti ìlù Hakeem, mo wò ó, ìlù ń ṣíwájú gìtá. Mo ní, "Hakeem ń sáré." Kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé nǹkan mìíràn lè fà á. Ó yẹ kí n pè é. Ilé wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ojú ń kán mi, mo sì ti ń rí ara mi bí ọ̀gá tó mọ ohun gbogbo. Mo gé ìlù rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹni rẹ́ ilá, mo tún un tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè bá gìtá mi mu. Ohùn ìlù rẹ̀ ni, ìlù rẹ̀ kọ́. Nígbà tí mo rí i pé ó dùn, mo fi tèmi kún un. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ọlọ́wọ́ mẹ́ta nìkan ló lè lù ú.

Àwo náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìlù lèyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dá lé. Hakeem kó íápíìsì sétí, ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni mo lu ibí yìí?"

Mo ní, "Ta ló tún kù? Ìwọ ni."

"Mi ò rántí rẹ̀ o."

"Ẹni tí orin bá gbé lọ kì í rántí." Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dùn létí ara mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù tí òun kò lù rí nìyẹn. Tó bá ti ibi búlọ́ọ̀kù dé, á jókòó ti ìlù títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ìyá Fàòsíyà, tó ń gbé Modákẹ́kẹ́, wá kí wọn, ó rí ọwọ́ ọmọ náà, àánú ṣe é. Ó mú òrí jáde, ó fi pa á lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè wá láti wá lu orin náà ní gbọ̀ngàn kan nínú ọgbà yunifásítì. A débi ọlọ́wọ́ mẹ́ta. Hakeem gbìyànjú rẹ̀, ó ṣìnà, ó padà, ó tún ṣìnà. Ó gbé igi ìlù sílẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn pèpéle pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́." Mo gbá a léjìká, mo ní kó lọ sinmi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, wọn kò rí nǹkan kan. Níbo ni wọn ì bá ti rí i? Inú láàpútóòpù mi ni àìsàn náà wà.

Ibi tó burú jù ni mò ń bọ̀ yìí. Ìyá Hakeem ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo débẹ̀, mo bá àwọn ará ilé ní ìjókòó, Ìyá Fàòsíyà sì wà láàárín. Ìyá Hakeem nìkan ló dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmú kan náà la jọ mu. Kí lẹ fi sínú òrí tí ẹ fi pa ọmọ mi lọ́wọ́?"

Ìyá Fàòsíyà kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Òrí tí mo fi ń pa ara tèmi náà ni, Ràmótù."

Ìyá Hakeem yíjú sí mi. "Dúró, ìwọ àti Hakeem lẹ jọ ń ṣe orin. Ọjọ́ tó gbé igi sílẹ̀ lójú èrò yẹn, ṣáájú òrí ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Gbogbo ojú wá sára mi. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín mi, Ọlọ́run gbọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tú gbogbo rẹ̀ ká. Mo ní, "Lẹ́yìn rẹ̀ ni, Màámi." Irọ́ kọ́ ni, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Bí ẹni pé kò tíì tó, mo tún mi orí, mo ní, "Ayé le." Ìyá Fàòsíyà wò mí. Kò bú mi. Ó ká gèlè rẹ̀, ó dìde, ó sì bá ẹ̀yìn ilé jáde.

Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Hakeem kó ìlù rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó lọ ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ẹdúnàbọ̀n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ kú. Ìyá Fàòsíyà sáré wá láti Modákẹ́kẹ́, kó lè rí àbúrò rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ, àwọn ará ilé sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí àjẹ́ má wọlé. Mo wà níbẹ̀, mò ń bá wọn to àga. Mo kọjú sí iṣẹ́ mi, mò ń to àga lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá la ojú mi. Sùmáyà ni, ọmọbìnrin tó ń lu ìlù fún wa báyìí. Nígbà tí a fẹ́ tún àwo àkọ́kọ́ náà lù lóṣù tó kọjá, ó gbọ́ ibi ọlọ́wọ́ mẹ́ta, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ọmọ ènìyàn tó lè lu èyí. Ẹ fún mi ní ojúlówó rẹ̀." Bóyá àṣírí náà ti sú èmi fúnra mi ni, mo fún un. Ó gbé ìlù Hakeem sí ẹ̀gbẹ́ agogo kọ̀ǹpútà, èyí tí kì í yára tí kì í falẹ̀, ó gbé gìtá sí i, ó tẹ́tí títí. Ó ní, "Onílù yìí ò sáré rárá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ṣe parí, ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Gìtá ló ń fà sẹ́yìn. Ta ló ń ta gìtá yìí, ẹ̀gbọ́n?"

Mi ò lè jókòó láti ọjọ́ náà. Mò ń jẹun lórí ìdúró. Hakeem tí mo tún ìlù rẹ̀ ṣe kò ní àṣìṣe kankan lọ́wọ́, èmi ni mo ṣì í, mo sì fi àṣìṣe mi ṣe òṣùwọ̀n fún un.

Mo lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Mo bá a nídìí iṣẹ́, sìmẹ́ńtì lọ́wọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì kó íápíìsì sí i létí. Ó gbọ́ ìlù ara rẹ̀ dé òpin. Mo ti múra sílẹ̀ de ìgbájú, kò gbá mi. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n lù nígbà náà."

Mo ní, "O mọ̀ ọ́n lù."

Ó ní, "Dúró, o jókòó níwájú ìyá mi, o mọ̀." Láti ọjọ́ tí a ti mọra, kò pè mí láìfi ẹ̀gbọ́n kún un rí. "Tèmi ṣì lè tán nílẹ̀. Lọ sí Modákẹ́kẹ́."

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Fàòsíyà, mo sọ ọ́. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé Ràmótù gbọ́ èyí kó tó lọ?"

Mo ní, "Kò gbọ́, mà."

Ó sunkún, kò sì fi pamọ́ fún mi. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Èmi ò ní dárí jì ẹ́ nínú yàrá, níbi tí ẹnì kankan ò sí. Gbangba ni wọ́n ti pè mí ní àjẹ́. Lọ sọ ọ́ ní gbangba. Gbogbo ẹni tó gbọ́ tọ̀hún, kó gbọ́ èyí."

Mo ti bá àwọn ará ilé náà tí mo lè rí, mo sọ ọ́ lójú wọn. Àwọn kan ti kó lọ, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, níbi tí orin wa wà, kó lè bá wọn níbi yòówù kí wọ́n wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe orin, ẹ má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú irọ́ ìyìn. Ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá sì lè ṣe é, ẹ ṣáà gba èyí gbọ́ lẹ́nu mi: kò sí nǹkan kan nínú òrí Ìyá Fàòsíyà bí kò ṣe òrí.